Gẹ̀ẹ́sì Dandan

Ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá mi ni ó máa ń jí wa. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, tí wọ́n ti mọ́sáláṣí dé, wọn kì í tún sùn mọ́. Wọ́n á jókòó síwájú ilé, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, a ó sì máa gbọ́ ọ láti inú yàrá bí ẹni pé eku ńlá kan ń jẹ ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbálẹ̀ Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀, ṣàà, ṣàà, láti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pe ìyàwó kejì tí Bàbá mi fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ilé wa wà ní Òwu, ó fẹ̀yìn ti àpáta kan tó tẹ́ bí ẹní, orí àpáta yẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, máa ń sá láfún sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lé ewúrẹ́ nídìí láfún, kí n máa pọnmi, kí n sì máa pọn Wàídì, àbúrò mi ọkùnrin. Mo ti kàwé dé kíláàsì kẹta kí wọ́n tó bí i. Nígbà tó tó oṣù díẹ̀ tí Màmi fẹ́ padà sídìí òwò ata gbígbẹ wọn, Bàbá mi dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n wo ojú gbogbo wa, wọ́n ní, ta ni yóò máa pọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Èmi náà kò dáhùn, torí èmi kì í dáhùn ohunkóhun, ni wọ́n bá fi ọ̀já lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú mi kọjá ti ọmọdé lásán. Bí àlejò bá kí mi, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ni mo máa ń sá lọ kí n tó dá a lóhùn. Títí di òní, ó sàn fún mi kí n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ju kí n sọ ọ́ lọ, ìdí tí mo fi ń kọ èyí náà nìyẹn.

Ọdún tí mò ń rántí yìí ni ọdún tí Bùọ̀dá Tàfá fẹ́ẹ́ parí ẹ̀kọ́ tíṣà tó ń kọ́ ní ìhà Òṣíẹ̀lẹ̀. Òun ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Bí wọ́n ṣe fún wọn ní họlidé, wọ́n gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: kí ó kó àwọn obìnrin tí kò kàwé jọ nílé, kí ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnì kan yóò sì wá láti ọ́fíìsì, láìsọ ọjọ́, wá wo bí kíláàsì náà ṣe ń lọ. Bí ìròyìn ẹni náà bá dára, wọ́n á fún Bùọ̀dá níṣẹ́ ní ilé ìwé tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Bí kò bá dára, inú igbó tí wọ́n bá rí ni wọ́n á jù ú sí. Ó wá bá mi lórí àpáta níbi tí mo ti ń lé ewúrẹ́, ó ní bí òun bá rí iṣẹ́ yẹn, òun fúnra òun ni yóò máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì kẹrin láràárọ̀, òun sì ti bá Bàbá mi sọ ọ́. Mo bi í pé kí ni Bàbá mi wí. Ó ní wọ́n tún bi òun pé ta ni yóò máa pọn ọmọ, àmọ́ kí n fìyẹn sílẹ̀ ná, kí n ṣáà máa gbàdúrà kí ará ọ́fíìsì rí ohun tó dára. Àwọn tó kù nílé ń fi ọ̀rọ̀ kíláàsì yìí ṣeré. Èmi ò ṣeré rárá.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ni Bùọ̀dá sọ di bọ́ọ̀dù. Ó fọ́ òkú bátìrì, ó lọ dúdú inú rẹ̀ mọ́ omi ewé, ó fi kun ún, ó sì gbé e ti ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀. Àga gbọọrọ ilé kéú ni a yá. Bí a bá ti kírun Àsárì tán, kíláàsì bẹ̀rẹ̀: Ìyá Àgbà níwájú, Màmi àti Ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn obìnrin márùn-ún láti ilé tó yí wa ká lẹ́yìn, tí gbogbo wa mọ̀ pé nítorí ọ̀jọ̀jọ̀ tí Ìyá Àgbà ń dín lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe ń wá. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú Wàídì lẹ́yìn mi. Bùọ̀dá ní òun kò ní í fi àkókò wọn ṣòfò lórí ológbò tó jókòó lórí ẹní, torí kò sí ẹni tí yóò dá obìnrin dúró lójú títì bi í léèrè ológbò. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa bá pàdé ní ọsibítù, ní kóòtù àti lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì dandan ni: ṣe báyìí, má ṣe báyẹn, ó yẹ kí o ti ṣe tọ̀hún. Ó ní òfin kan péré ló wà, ohun tí òun bá sọ ni kí wọ́n sọ tẹ̀lé òun, kí wọ́n sì nawọ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn. Wọ́n gba òfin yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Bùọ̀dá húkọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo kíláàsì sì húkọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tó ní kì í ṣe ìyẹn, wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni ìtumọ̀ wà. Bùọ̀dá á kọ ọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀dù, á ṣàlàyé títí òógùn á fi bò ó, Ìyá Àgbà á wá sọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Wọ́n ní "must", ọ̀rọ̀ ọba nìyẹn, kò ní èsì. "Should", ọ̀rọ̀ àna ni, ẹni tó ń sọ ọ́ mọ̀ pé òun ò lè nà ọ́, ó kàn ń wo ojú rẹ ni. "Supposed to", wọ́n ní iṣẹ́ tí gbogbo ilé mọ̀ pé tìrẹ ni, tí o sì ń wò wọ́n bí ẹni pé o ò gbọ́, bíi ti ìkòkò tó wà nílẹ̀ láti àná tí ó kan Ìyàwó láti fọ̀. Ìyàwó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí a dé orí "had better", Màmi nawọ́. Màmi kò gbọ́dọ̀ pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló wẹ̀ ẹ́ ní kékeré, Akọ̀wé ni àwọn àti Ìyàwó ń pè é. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹ sọ fún wa níjẹta pé 'had' yìí, ti àná ni. Ẹ wá ń fi halẹ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Báwo ni àná ṣe dé inú ọ̀la?"

Bùọ̀dá yẹ ìwé wò níwájú, ó yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní bí ó ṣe wà nìyẹn.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Bí mo bá ká Sìdí mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, kí ni mo máa ń sọ fún un?"

Gbogbo wọn dáhùn pé, "O ti jẹgba lónìí."

"Ṣé ẹgba ti bà á nígbà tí mò ń sọ ọ́?"

Wọ́n ní rárá.

"Àgbà tó fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ kì í fi ọ̀la dẹ́rù bà á. Yóò sọ ọ́ bí ohun tó ti tán. Òyìnbó náà bímọ, wọ́n mọ̀ ọ́n."

Láti ìgbà náà, mo ti bi tíṣà méjì léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé wọn gùn, mo sì ti gbàgbé ẹ̀. Ti Ìyá Àgbà kò kúrò lórí mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni "should have", tí wọ́n ní àbámọ̀ ni, òun ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Màmi ní tí àwọn bá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, àwọn kì bá ti máa fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ka àbámọ̀ bí àwọn bá ti ọjà dé.

Ni Gẹ̀ẹ́sì dandan bá gba ilé wa kan. Àgbò yọ orí sí ìkòkò, Ìyàwó ní "You had better." Òjò ṣú lọ́jọ́ tí láfún wà lórí àpáta, Ìyá Àgbà dúró sí àárín ilé, wọ́n na ìka sójú ọ̀run, wọ́n ní "You must not." Òjò náà rọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n ní kò kàwé ni. Èmi nìkan ni kì í sọ̀rọ̀. Bí Bùọ̀dá bá nawọ́ sí mi, ohùn mi á dé ọ̀fun, á sì padà. Àfi bí mo bá wà lórí àpáta, tí kò sí ẹni kankan, ni mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún Wàídì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà á sì máa fi ẹsẹ̀ ta mí nídìí bí ẹni pé òun ló ń kọ́ mi.

Bùọ̀dá lọ sí Kọ́bapẹ́ lọ́jọ́ kan láti gba gààrí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó tún kìlọ̀: ará ọ́fíìsì lè dé nígbàkigbà, ẹni tó bá gbé fáìlì lọ́wọ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n jókòó sórí àga kíákíá. Agogo mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, ẹ̀wù kakí lọ́rùn, ṣòkòtò kakí nídìí, fáìlì lábẹ́ apá. Ó ní "Good morning." Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ọkùnrin yẹn tó mí, obìnrin mẹ́ta ti wà lórí àga, Ìyàwó ti fo fèrèsé lọ pe àwọn márùn-ún tó kù, ó sì ti padà. Wọ́n ní "Good morning." Ó bèèrè pé "Who is in charge here?" Wọ́n ní "Who is in charge here?" Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó yà sídìí ìkòkò omi wa, ó ṣí i. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Ó yíjú padà pẹ̀lú ìbínú, ó ní "You must cover this pot." Mo rí i bí inú wọn ṣe dùn, torí "must" gan-an ni a kọ́kọ́ kọ́. Gbogbo wọn nawọ́ sí i, ìka mẹ́jọ, wọ́n ní "You must cover this pot." Ó ní "Are you mad?" Wọ́n bi í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ohùn Ìyàwó ló sì já gaara jù. Ọkùnrin náà pa Gẹ̀ẹ́sì tì, ó fi Yorùbá bi wọ́n bóyá orí wọn pé. Ìyá Àgbà mi orí sí wọn wẹ́rẹ́, kí wọ́n má dáhùn, ìdánwò ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá a ó yẹ̀ sí Yorùbá. Ọkùnrin náà kọ ìwé kan, ó jù ú sórí àga, ó sì jáde. Màmi fi àtè lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n ní sáfíkéètì wa ti dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bùọ̀dá dé, ó kà á, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gààrí lórí. Wolé-wolé ni ọkùnrin náà, àwọn tó ń yẹ ìkòkò àti gọ́tà wò láti ojúlé dé ojúlé. Ìwé náà ní kí olórí ilé wá sọ ìdí tí ẹ̀fọn fi ń bímọ nílé rẹ̀, àti ìdí tí àwọn ìyàwó ilé fi bú òṣìṣẹ́ ìjọba. Bàbá mi lọ bẹ̀bẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìdájọ́ tí wọ́n gbà bọ̀ ni pé kí a fọ́ ìkòkò náà, kí gbogbo kíláàsì sì ro gọ́tà àdúgbò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ro ó. Inú gọ́tà yẹn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún wọn, ni Ìyá Àgbà ti nàró, tí wọ́n wo òkè, tí wọ́n sì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó pé ṣánṣán láìsí ẹni tó sọ ọ́ ṣáájú wọn: "We should have covered it."

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó tún fẹ́ rí fáìlì sójú. Bùọ̀dá bẹ̀ wọ́n, ó ní ẹni gidi kò tíì wá, ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Wọ́n ní kó wá ná. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, kíláàsì kò tíì bẹ̀rẹ̀, Bùọ̀dá wà nínú balùwẹ̀ tó ń wẹ̀, àwọn obìnrin ń jókòó, ọkùnrin kan sì yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Wolé-wolé." Kò pariwo, ṣùgbọ́n bí ẹni da omi sáàárín adìyẹ ni. Ìyá Àgbà wọ yàrá láfún. Màmi àti Ìyàwó há sẹ́nu ọ̀nà kan náà, wọ́n sì jà á gbà. Bùọ̀dá alára gbọ́ ọ láti inú balùwẹ̀, ó sì lúgọ síbẹ̀, torí wolé-wolé ti ní kí a gbẹ́ kòtò fún omi balùwẹ̀ yẹn, òun ló sì gbà pé òun á gbẹ́ ẹ. Kò gbẹ́ ẹ.

Èmi nìkan ló kù lójú agbo. Mi ò lè sáré, Wàídì ti sùn lé mi lẹ́yìn, ó sì tẹ̀wọ̀n.

Ọkùnrin náà kò wo ìkòkò kankan. Bọ́ọ̀dù ló lọ bá tààrà. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sí ara rẹ̀ létè, ó rí ibi tí Bùọ̀dá ti gbójú fo lẹ́tà kan, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi lẹ́tà náà sí i, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Wolé-wolé wo ni yóò dúró tún lẹ́tà ṣe? Ó bèèrè lọ́wọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé tíṣà dà, ohùn mi dé ọ̀fun, ó padà. Ó fi Yorùbá bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn mi kò tilẹ̀ dé ọ̀fun. Ó wo àga òfìfo, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó díẹ̀, ó ṣí fáìlì, ó sì yọ ìdérí bírò. Mo rí kíláàsì kẹrin bí ó ṣe ń wọ inú bírò yẹn lọ.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, àwọn tó sá pamọ́ yẹn ni ìyá mi, ìyá bàbá mi àti àbúrò bàbá mi. Ní Yorùbá, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní í dà bí ìwọ̀sí. Bí mo tilẹ̀ fi "ẹ" méje sí i, ọmọdé kì í pàṣẹ pé kí àgbà jáde síta. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ". Ẹ̀gàn rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu Ìyá Àgbà, ìyẹn náà ló yọ mí lọ́jọ́ yẹn. Mo kọjú sí balùwẹ̀, mo la ẹnu, ohùn kan tí mi ò tíì bá pàdé rí sì jáde níbẹ̀:

"You had better come out!"

Wàídì jí, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn páànù balùwẹ̀ ṣí díẹ̀díẹ̀, Bùọ̀dá yọ pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, ìfófòó ọṣẹ lórí àti ní etí méjèèjì, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé wolé-wolé ti pe obìnrin ọlọ́pàá wá ni. Màmi àti Ìyàwó yọ. Ìyá Àgbà yọ kẹ́yìn, ìyẹ̀fun láfún ti kun ojú wọn funfun títí dé ìpéǹpéjú. Ará ọ́fíìsì dìde, ó wo Bùọ̀dá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní "You are supposed to be teaching." Nítorí pé ara wọn ti mọ́ ọn, tí ẹ̀rù sì ti kó wọn lọ́kàn jẹ, obìnrin mẹ́ta yìí nawọ́ sí Bùọ̀dá, wọ́n ní "You are supposed to be teaching." Ọkùnrin náà fi fáìlì bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì fún ìgbà pípẹ́.

Bùọ̀dá wọ aṣọ, ó sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tòun ti ọṣẹ tó ń gbẹ sí etí rẹ̀. Ará ọ́fíìsì bi Ìyá Àgbà ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ márààrún, wọ́n dá a lóhùn ní Yorùbá, ọba, àna, ìkòkò Ìyàwó, ẹgba, àbámọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bùọ̀dá fẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ohùn mi ti tún lọ. Ọkùnrin náà ní kí ó fi mí sílẹ̀, òun ti gbọ́ tèmi. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà pè mí. Wọ́n ní, "Sìdí, ta ni ò ń pè ní 'you'?" Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "O ti jẹgba lónìí." Mo dúró de ẹgba náà títí. Ọ̀jọ̀jọ̀ méjì ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, èyí tó tóbi.

Ìwé dé lẹ́yìn oṣù kan, Bùọ̀dá sì rí iṣẹ́ náà, nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Gbogbo ilé ń jó, Bàbá mi sì dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi wá pé ta ni yóò máa pọn ọmọ. Màmi wo ilẹ̀. Ìyàwó wo ikùn ara rẹ̀, oyún ti hàn. Ìyá Àgbà di ẹ̀yìn mú kí ó tó kàn wọ́n. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ó ti parí, ọ̀já ti wà lọ́rùn mi bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, wẹ́rẹ́, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn: "Bàbá, mi ò ní í lè pọ̀n ọ́n mọ́. Ilé ìwé ni mò ń lọ." Wọ́n ní, "O mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣé?" Wọ́n wá na ọwọ́ síwájú, wọ́n gba Wàídì lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i wò síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, wọ́n sì gbé e sínú páálí àgékù aṣọ tó wà lábẹ́ tábìlì wọn.

Ọdún méjì ni mo rí fi kún mẹ́ta tí mo ti kà, kí ohun mìíràn tó tún fà mí kúrò nílé ìwé, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí mo pẹ́. Aṣọ Iléyá gbogbo ènìyàn ló pẹ́ lọ́dún yẹn. Bí àwọn oníbàárà bá wá bínú, Bàbá mi kì í ṣàlàyé, wọ́n á kàn tọ́ka sí abẹ́ tábìlì, níbi tí Wàídì jókòó sí, tó ti tú gbogbo ọ̀wú.